Aṣọ Funfun Lẹ́nu Páìpù Sùúrù

Àlàmísì, 5 Júùnù, 1958

Sùúrù, mọ́tò Bàbá, kò yege. Ọ̀gá Adéníran, ẹni tó ń yẹ mọ́tò wò fún ìjọba ní pápá Ìjẹ̀bú-Igbó, so aṣọ funfun mọ́ orí ọ̀pá, ó nà án sí ẹnu páìpù èéfín, ó ní kí Bàbá tẹná. Ó yẹ kó ka oókan dé ọgọ́ta. Kò tíì ka ogún tí aṣọ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wá gbé e sókè kí gbogbo èrò pápá lè rí i. Mi ò mọ ohun tó ń gbé e sókè fún. Ṣé àwa ò rí i ni?

Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà. Bí a bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, wọn á tú nọ́ńbà lára mọ́tò, kò sì ní rìn lójú títì mọ́ láéláé. Títí a ó fi yege, a ò gbọdọ̀ fi kó èrò.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí a fi dé ilé wa ní Òrù, Bàbá tẹjú mọ́ ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń kí i lójú ọ̀nà, "Bàbá Sùúrù o!" Ọwọ́ nìkan ló ń jù sí wọn. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń fi orúkọ mọ́tò pè é. Bí ẹnì kan bá pè é ní Àlímì báyìí, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Jímọ̀, 6 Júùnù

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á: èmi ni mo ba Sùúrù jẹ́.

Nígbà tí Bàbá rà á lọ́wọ́ òyìnbó agẹdú, mọ́tò kékeré ló jẹ́. Bàbá ló ní kí káfíńtà gé ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi pákó kan ilé èrò sí i. Ìyẹn ò pa á lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò lágbára púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò rú èéfín. Èmi Mùbàṣírù, fítà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nílé pákó, ọlọ́gbọ́n, ni mo dé lọ́dún tó kọjá tí mo ní ká yọ ọ́, ká fi ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi níbi iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó sì tán síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Sùúrù ti ń gun òkè bí ewúrẹ́, tó sì ń rú èéfín bí ààrò ẹlẹ́ja. Bàbá ò tíì sọ ọ́ rí pé ẹ̀bi mi ni. Ì bá sọ ọ́, ara ì bá tù mí.

Àlàádì, 8 Júùnù

A tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ríǹgì, àwọn òrùka irin inú rẹ̀, ti jẹ tán, epo ẹ́ńjìnnì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, òun ló ń jó. Mi ò mọ ibi tí a ó ti rí irú rẹ̀. Òjò lé wa wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi gbé àgbàdo sísè wá. Ó dúró wò wá títí, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ gba hàntú wá lọ́dọ̀ Ààfáà Hàmídù."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Láti Àlàmísì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní, "Abibat, mọ́tò ò gbọ́ Lárúbáwá. Bẹntiróòlù ló gbọ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín, bóyá nítorí pé inú mi dùn pé Bàbá rẹ́rìn-ín.

Ìyá ní, "Ẹ máa rín o. Kí ni Mùbà mu nígbà ìdánwò Sítáńdáàdì Síìsì tó fi yege?"

Òótọ́ ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ náà. Ààfáà kọ Kùránì sí wàláà, ó fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ sínú igbá, ó da oyin lé e kó má baà korò. Bàbá di igbá náà mú sí mi lẹ́nu, kò gbé e kúrò títí mo fi mu ún tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Mi ò sì lè sọ lónìí bóyá hàntú ni mo fi yege tàbí ìwé tí mo kà.

Àbámẹ́ta, 14 Júùnù

Mo rí ríǹgì ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ó tóbi ju tiwa lọ. Mo ti ń fi fáìlì irin rẹ́ ẹ láti òwúrọ̀. Ọwọ́ mi ti bó.

Ìbíkẹ́ ẹlẹ́ja wá láti Ìbíadé. Orí gẹdú ló jókòó sí nínú ọkọ̀ agẹdú, gbogbo ìró rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó gbé ẹja gbígbẹ méjì fún Bàbá. Ó ní, "Bàbá Sùúrù, ìgbà wo le máa wá kó wa? Dẹ̀dẹ̀ ẹja wa, gbogbo rẹ̀, ti ń dìdin. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù, bí òjò bá rọ̀ báyìí, wọn kì í ya ọ̀dọ̀ wa."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Àlàmísì, 19 Júùnù

Ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá Adéníran ka mẹ́tàlélógójì kí aṣọ tó dúdú. Ó ní, "Ó ti sàn díẹ̀ o. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ díẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà burúkú. Ì bá jẹ́ òṣìkà, n bá rí ẹni kórìíra.

Ó ku ẹyọ kan.

Jímọ̀, 20 Júùnù

Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 28 Júùnù

Ọdún Iléyá. Ọdọọdún ni Sùúrù máa ń kó àwọn àgbà agbo ilé wa lọ sí yídì. Lónìí, wọ́n tún jáde, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹní wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe, kí wọ́n tó rántí. Bàbá gbé ẹní rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ síwájú, àwọn yòókù sì ń fẹsẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé tí a ti dúńbú àgbò tán, a ò rí Bàbá mọ́. Inú Sùúrù ni mo bá a, tòun ti agbádá ọdún, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lórí ìdarí. A ti tún yọ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Mo padà kó tó rí mi.

Ìyá bu ẹran fún mi. Ó ní, "Ọma mi, jẹun, uṣẹ́ kì í tán." Ẹran náà kàn ń yí lẹ́nu mi ni. Mo ti sọ bàbá mi di arìnlẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Jímọ̀, 4 Júláì

Allah tóbi! Mo rántí pé ẹ́ńjìnnì méjì ni òyìnbó kó wá sí ilé pákó láyé ọjọ́sí, ọ̀kan ni tiwa yìí, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Èkejì kú láìpẹ́ ọjọ́, wọ́n sì jù ú sẹ́yìn ilé. Fọ́màànù wa, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, ní kí n máa wá a bí mo bá lè rí i. Mo wú eruku pákó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n tó kàn án. Ríǹgì inú rẹ̀ ń dán. Kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́ta kó tó kú.

Mo fi aṣọ wé wọn bí ẹyin, mo gbé wọn wálé.

Àtìní, 7 Júláì

Ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́! Ìyá bọ́ gèlè funfun rẹ̀ fún wa, mo so ó mọ́ igi, Bàbá tẹná, àwa méjèèjì sì jọ ń kà á sókè. A ka ọgọ́ta, a kọjá. A ka ọgọ́rùn-ún. Gèlè náà kàn fara kan eruku ni. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ká a, ó dá a padà fún Ìyá.

Ó ní, "Mùbà, uṣẹ́ ẹ dára."

Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, n ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bójú.

Àlàrùbá, 9 Júláì

Mo ra bẹntiróòlù tuntun lọ́wọ́ Zechariah, mo tún fi aṣọ sẹ́ ẹ kí n tó dà á sí táńkì. Ọ̀la ni.

Bàbá bi mí, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá gan-an ni. Mo ní, "Inṣá Allah, Bàbá." Ó wò mí títí, ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹnì kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ. Kí ni kò jẹ́ kí n sọ pé ó dá mi lójú?

Àlàmísì, 10 Júláì

Ó ti tán.

Dáadáa la kúrò nílé. A ò tíì rin máìlì kan tí Sùúrù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ń gbọ̀n, ó ń ta, ó ń dákẹ́, ó ń tún jí. Mo fẹ́ ká dúró tú u wò. Bàbá ní àkókò ń lọ, pé tí a bá dé ibẹ̀ yóò fara balẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan tí n ò mọ̀.

Ní pápá, èéfín funfun ló ń jáde, ó nípọn bí ìkùukùu. Ọ̀gá Adéníran ka méjìlá, ẹ́ńjìnnì kú. Ó jẹ́ ká tún un tẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Lẹ́yìn mẹ́sàn-án, ó tún kú. Aṣọ náà tutù, ó sì pọ́n bí omi àgbo.

Ọ̀gá lọ mú irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ńbà. Bàbá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí èmi tú u." Ọ̀gá wò mí, ó na irin náà sí i. Bàbá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tú ti iwájú, ó tú ti ẹ̀yìn, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu àwọn méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn fún un.

Ọkọ̀ agẹdú ló fi okùn fà wá dé Òrù.

Jímọ̀, 11 Júláì

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ò lọ kí Jímọ̀.

Àbámẹ́ta, 12 Júláì

Mo tú kàbúrétọ̀ tó ń bu bẹntiróòlù fún ẹ́ńjìnnì. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan dúdú kan sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ihò. Mo rò pé Zechariah ti bu omi mọ́ bẹntiróòlù. Mo sáré lọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo pè é ní olè lójú ènìyàn. Kò bá mi jà. Ó bu bẹntiróòlù láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ìgò, ó gbé e síwájú oòrùn. Ó mọ́ roro. Ó wá gba kàbúrétọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kan nǹkan dúdú yẹn, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Mùbàṣírù, èmi kì í ta oyin."

Èmi náà tọ́ ọ wò. Oyin ni. Dúdú ara rẹ̀ sì jẹ́ tàdáwà: hàntú ni.

Mo délé, mo fi ohùn tí ènìyàn kì í fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bá Ìyá sọ̀rọ̀. Ó fi omi ojú dá mi lóhùn: "Èmi kọ́ o. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò tún dá a lábàá mọ́." Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i lábẹ́ ìjókòó awakọ̀: ìgò oògùn ikọ́ Bàbá. Àkísà fìlà rẹ̀ àtijọ́ ló fi dí i lẹ́nu. Díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo dá a padà síbi tí mo ti rí i.

Àlàádì, 13 Júláì

Ààfáà Hàmídù ò fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó rí ojú mi, ó sọ ọ́.

"Bàbá ẹ wá lálàrùbá, ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan. Mo ní kó mu ìdajì, kó fi ìdajì wọ́n táyà. Ó bi mí pé, 'Ààfáà, ta ló fẹ́ ṣe ìdánwò, èmi àbí mọ́tò?' Mo rò pé ó ń ṣeré ni."

Bàbá tí kì í jẹ́ kí ìrì sẹ̀ sórí ìdérí táńkì! Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ pé omi kì í wọ inú bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, èyí kì í ṣe omi. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló ń mu hàntú. Sùúrù ló fẹ́ ṣe ìdánwò. Ká ní mo sọ pé ó dá mi lójú ni, kò ní rìn dé Àgọ́-Ìwòyè.

Àtàláátà, 15 Júláì

Mo lọ bá Ọ̀gá Adéníran. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Mo kàn bi í pé bí nǹkan bá wọ inú táńkì ńkọ́.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ tí o tún un ṣe lo ṣàṣìṣe, ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló ba ìdánwò náà jẹ́, ẹni tó ni mọ́tò lè kọ̀wé kí oṣù yìí tó parí, kó sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ṣe. Mo lè tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ní Bàbá ò mọ̀wé.

Ó ní, "Akọ̀wé kóòtù á ka lẹ́tà náà sí i létí lédè Yorùbá, kó tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Ẹ́ńjìnnì náà ò bàjẹ́. Mo lè fọ̀ ọ́ mọ́ ní wákàtí méjì. Sùúrù lè yege lọ́la. Ohun tí yóò ná wa kò ju pé kí àlejò jókòó síwájú bàbá mi, kó kà á sí i létí pé ọwọ́ rẹ̀ ló pa mọ́tò rẹ̀.

Àlàádì, 20 Júláì

Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta. Nínú ọ̀kan, mo ní ẹni tó ta bẹntiróòlù ló bu omi sí i. Mo ya á kí yíǹkì rẹ̀ tó gbẹ. Mo ti pe Zechariah lólè lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Nínú ìkejì, mo ní mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá ti ní àfi kí a dárúkọ. Ìkẹta ni òtítọ́. Òun ló wà láàárín ìwé yìí.

Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé Bàbá á gbà á bí ọkùnrin, á rẹ́rìn-ín, á ní ká tètè máa lọ. Mo wá máa ń rántí bó ṣe nu nọ́ńbà yẹn.

Àlàádì, 27 Júláì

Adìyẹ ti ń sùn nínú ilé èrò Sùúrù. Bàbá ṣì ń jókòó níwájú láràárọ̀ lẹ́yìn àsùbáà. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Lánàá, ọmọdé kan kí i ní "Bàbá Àlímì," ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìbíkẹ́ wá fúnra rẹ̀ láti sọ pé àwọn ẹlẹ́ja ti bá ọlọ́kọ̀ mìíràn ṣe àdéhùn. Ó ń sunkún. Bàbá ní, "Ọkọ̀ l'ọkọ̀. Ẹ máa lọ ire, ẹ máa bọ̀ ire." Nígbà tó lọ tán, ó yíjú sí mi.

"Kí ló pa á gan-an, Mùbà?"

Lẹ́tà náà wà nínú àpò mi. Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì ni, Bàbá. Èmi ni mi ò tún un ṣe dáadáa."

Ó ní, "Irọ́ ni. Mo rí gèlè yèyé ẹ. Uṣẹ́ ẹ dára."

Àlàmísì, 31 Júláì

Mo rìn dé Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ọ̀gá Adéníran, mo sì padà. Aago mẹ́rin ti lù. Oṣù ti parí.

Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó dára ni mo ṣe. Mo mọ̀ pé mo ti pa Sùúrù lẹ́ẹ̀kejì.

Àlàádì, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bàbá pè mí sínú mọ́tò láàárọ̀ yìí. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Nǹkan kan wà tí n ò sọ fún ẹ. Mo gba hàntú fún un. Èmi tí mo fi ìyá ẹ rẹ́rìn-ín, ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo dà á sínú rẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí o ń kírun." Ó gbá ìdarí mú. "Ààfáà bù ú kún ìgò, ṣùgbọ́n mi ò dà á tán. Mo dá díẹ̀ sí. Mo ní ìwọ náà ṣe wàhálà, kí o rí tìrẹ mu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Díẹ̀ tí mo dá sí yìí ló fà á. Hàntú ò tó o ni, Mùbà. Uṣẹ́ ẹ dára, èmi ni mi ò jẹ́ kí ó tó."

Mo wo adìyẹ tó ń ta gìrìgìrì lórí pákó lẹ́yìn wa. Mo ní, "Ó tó, Bàbá. Ó tó dáadáa."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó mú ìgò náà jáde, ó fi eyín yọ àkísà ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Tìrẹ rè é. Mu ún."

Ó ti kan díẹ̀, ṣùgbọ́n oyin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó di ìgò náà mú sí mi lẹ́nu, kò gbé e kúrò títí mo fi mu ún tán.